Mo Dán Tọ́ọ̀ṣì Wò Lọ́sàn-án Gangan

Alẹ́ Ọjọ́rú ni mo ki ẹsẹ̀ bọ ọbẹ̀.
Wọ́n ti múná lọ láti ìrọ̀lẹ́,
fóònù ti kú, ìṣáná tó kù nílé ti rin;
ẹ̀gúsí tí mo sọ̀ sílẹ̀ kó lè tutù
ni mo fi àtẹ́lẹsẹ̀ tọ́ wò.
Ilẹ̀ mọ́, mo fọ ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta,
mo gba Òkè-Àró sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ọjà Ọba.

Akíndúró ló ń tà á, ọmọkùnrin Ìdànrè kan.
Tábìlì rẹ̀ kò ju ìbú ilẹ̀kùn lọ:
ṣájà, bátìrì aago, awò ojú, abẹ́rẹ́.
Ó kọ́kọ́ gbé ògbólógbòó kan wá,
tọ́ọ̀ṣì tó ní rédíò, tó ní fáànù,
tó ń ké bí ọkọ̀ ọlọ́pàá.
Mo ní, "Ọmọ mi, kì í ṣe ogun ni mò ń lọ.
Ọ̀nà ilé ìdáná ni mo fẹ́ mọ̀."
Ó rẹ́rìn-ín. Ó tú ọ̀rá dúdú kan,
ó mú ọ̀kan jáde, kò ju atalẹ̀ kan lọ,
irin tútù, okùn tín-ín-rín nídìí rẹ̀.
"Ẹgbẹ̀rún méjì."
"Ẹgbẹ̀rún kan."
"Màmá, ọjà ti wọ́n."
"Owó gan-an ló wọ́n jù."

Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe ń dán tọ́ọ̀ṣì wò lọ́sàn-án gangan?
Oòrùn Àkúrẹ́ dúró lé wa lórí bí agbowó-orí.
Mo tẹ̀ ẹ́, n ò rí nǹkan. Mo tún un tẹ̀.
Mo fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀, ìka mi pọ́n,
ó pọ́n bí ẹyin iná,
mo rí ẹ̀jẹ̀ ara mi níbi tó jókòó sí jẹ́ẹ́.
Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, a ò tíì pàdé báyìí rí.
Akíndúró ní, "Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ tàn án sábẹ́ tábìlì."

Mo ká ìró mi, mo bẹ̀rẹ̀.
Páálí. Èèpo ẹ̀pà. Sálúbàtà kan tí okùn rẹ̀ já.
Lẹ́yìn náà, ojú ọmọ kan,
yúnífọ́ọ̀mù lọ́rùn, búrẹ́dì lọ́wọ́.
Ó fi ìgbọ̀nwọ́ bojú. "Màmá, ẹ pa á.
Mò ń sá pamọ́."
"Fún ta ni?"
"Fún oòrùn."
Mo pa á. Mo san ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀, n ò tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Bàbá mi ní tọ́ọ̀ṣì kan lóko Ọ̀dà.
Bátìrì mẹ́ta ló ń gbé mì, ó wúwo bí ọmọ odó.
Bó bá ti ń ṣe bàìbàì, a ó yọ bátìrì,
a ó sá a sórí ẹní láàárín kòkó,
àtòun àti kòkó á jọ máa yá oòrùn.
A ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Òkùnkùn ò mẹni ọ̀wọ̀:
àwa ọmọ la máa ń bi í pé, "Ìwọ ta nìyẹn?"
Bàbá á sì tan iná sójú ara rẹ̀
kí á lè rí ẹni tí à ń rí fín.
Alẹ́ tó kú, bátìrì ti tán.
Ọwọ́ ni mo fi wá ojú rẹ̀ kí n tó pa á dé.

Mo so tèmi mọ́ kọ́kọ́rọ́, mo jókòó de òkùnkùn.
Àwọn oníná ò mú un lọ!
Aago mẹ́jọ, iná ń jó. Mẹ́sàn-án, ó ń jó.
Kò ṣẹlẹ̀ rí láti Kérésì.
Fíríìjì ń kùn bí ẹni tó yó.
Nígbà tó di mẹ́wàá, ara mi ò gbà á mọ́,
mo dìde, mo fọwọ́ ara mi pa gílóòbù.

Ìmọ́lẹ̀ kékeré, funfun, róbótó,
ó ń rìn níwájú mi bí ajá tó mọ̀nà.
Lẹ́sẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí n ò rí láti Ọjọ́rú
bí mo ti ń gbálẹ̀ tó, tí mo ń nulẹ̀ tó,
ojú ẹsẹ̀ mi wà níbẹ̀, epo rẹ̀ ṣì ń dán,
ìka márùn-ún pé,
ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà.